Òjìji ife mi kì í dúró dè mí, àwòrán mi sì funfun bí ẹfun

ẸniÒwúrọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, mi ò dá sí i rí. Ọ̀rọ̀ òní ló la ẹnu mi.

Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa. Ní ìgbà ooru báyìí, láti bí aago méje ni oòrùn ti ń gba fèrèsé yẹn wọlé, á tẹ́ ara rẹ̀ sórí tábìlì. Lọ́jọ́ kan mo rí ife tánganran funfun kan níbẹ̀ (etí rẹ̀ búlúù, ó sì ti ṣí lápá kan), ìgò kékeré tí omi dé ìdajì rẹ̀, ṣíbí kan, àti aṣọ ìnuwọ́ tí ẹnì kan ju sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tò wọ́n. Ṣùgbọ́n oòrùn bà lé wọn, òjìji wọn nà gbọọrọ, mo dúró síbẹ̀ títí mo fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Ọ̀dà acrylic ni mò ń lò, èyí tí wọ́n ń fi omi pò. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: kí n tó parí ife, òjìji rẹ̀ ti kúrò níbi tí mo yà á sí. Màá pa á rẹ́, màá tún un yà. Kí n tó dé orí ìgò, ó tún ti lọ. Níkẹyìn, ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bá ife, iwájú ló ti ń bá ìgò, àfi bíi pé oòrùn méjì ló yọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé gbogbo rẹ̀ funfun bí ẹfun. Mo da funfun sí i títí ike ọ̀dà fi gbẹ, mi ò rí oòrùn kankan níbẹ̀. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Kánfáàsì_Mẹ́ta | 8:31 àárọ̀

Ya fọ́tò. Ó tán. Foonu ń bẹ lọ́wọ́ rẹ, yà á nígbà tí oòrùn bá wà níbi tó o fẹ́, kó o wá jókòó kùn ún lálẹ́. Oòrùn inú fọ́tò kì í rìn.

Àǹtí_Ọ̀dà | 9:05 àárọ̀

Ó tán kẹ̀? Kò tíì bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi.

Bí foonu bá fẹ́ rí ibi tí oòrùn bà, á sọ òjìji di dúdú kirikiri. Bó bá fẹ́ rí inú òjìji, ibi tí oòrùn bà á funfun bíi bébà, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ojú èèyàn ń wo ibí, á tún ara rẹ̀ ṣe, á wo ọ̀hún. Ohun tó sì mú ẸniÒwúrọ̀ dúró títí tó fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé inú òjìji yẹn ló wà, kì í ṣe lójú oòrùn.

ẸniÒwúrọ̀, gbọ́. Oòrùn ń fi dígírì 15 rìn lójú sánmà ní wákàtí kan, ìyẹn dígírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. O ò lè sáré bá a. Ohun tí wàá ṣe nìyí: bó o bá ti jókòó, má ya ife, má ya ìgò. Òjìji ni kó o kọ́kọ́ yà. Gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o sì fi ọ̀dà tínínrín kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà yẹn lọ, òjìji tó wà lórí pátákó rẹ ni òjìji, èyí tó wà lórí tábìlì ti di àlejò. Wàá máa wo tábìlì fún àwọ̀, wàá máa wo pátákó fún ibi tí nǹkan wà. Bó bá di wákàtí kan ààbọ̀, gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Padà wá lọ́la ní aago kan náà.

Àti pé kó o fi ṣọ́ọ̀kì yí ìdí ife, ìgò àti ṣíbí ká lórí tábìlì, nítorí ẹni tó máa gbé ife yẹn mu omi ti wà nínú ilé rẹ.

OnísùúrùDíẹ̀ | 9:22 àárọ̀

Àtúnṣe díẹ̀ fún Àǹtí lórí ọ̀rọ̀ foonu. Ohun tí ẹ sọ, kámẹ́rà àtijọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Foonu ìsinsìnyí máa ń ya fọ́tò mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á pò wọ́n pọ̀ sí ọ̀kan, á gbé òjìji sókè, á rẹ ibi tó mọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa rí nínú òjìji, ẹ máa rí nínú oòrùn, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ti kéré. Àlàfo yẹn sì ni oòrùn. Nítorí náà fọ́tò burú lóòótọ́, ìdí tó fi burú ló ti yí padà.

Àǹtí_Ọ̀dà | 9:30 àárọ̀

Mo gbà. Ó ṣì burú ṣá.

BàbáFèrèsé | 10:47 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká gbé foonu sílẹ̀ ná. Ohun tí ọmọ yìí sọ gbẹ̀yìn ni mo dì mú: ó da funfun títí, oòrùn ò yọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Funfun kọ́ ló ń mú oòrùn wá. Ọ̀dà funfun tó dáa, bí ìmọ́lẹ̀ 100 bá bà á, nǹkan bí 90 ló máa ta padà sójú wa. Ọ̀dà dúdú á ta nǹkan bíi 4 padà. Àárín 4 sí 90 yẹn ni gbogbo pápá tó o ní. Wá wo tábìlì rẹ. Ibi tí oòrùn ọ̀sán bà tààrà lè gba ìmọ́lẹ̀ tó 100,000 lux (òun ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bà lé nǹkan), igun yàrá kan náà á sì wà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré. Kò sí ọ̀dà tí ọwọ́ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán rẹ ti kan àjà lókè, ìwọ sì ṣì ń fi funfun tì í. Ìsàlẹ̀ ló ṣẹ́ kù láti lọ. Sọ òjìji kalẹ̀ (mú un ṣókùnkùn sí i), sọ ògiri ẹ̀yìn kalẹ̀, sọ gbogbo ohun tí oòrùn ò bà kalẹ̀. Ibi tó o fi sílẹ̀ á tàn láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án.

Kó o tó gbà mí gbọ́, mú bébà funfun kan, gbé e sórí tábìlì kí ìdajì rẹ̀ wà nínú oòrùn, kí ìdajì wà nínú òjìji. Ọkàn rẹ á sọ fún ọ pé funfun ni méjèèjì. Irọ́ ni. Wá mú páálí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, lu ihò kékeré méjì sí i, nà án jìnnà sójú, fi ihò kan wo apá ti oòrùn, fi èkejì wo apá ti òjìji. Màá jẹ́ kó o fojú ara rẹ rí i. Kódà aṣọ dúdú tó wà nínú oòrùn lè mọ́lẹ̀ ju bébà funfun tó wà nínú òjìji lọ. Ọdún tí mo rí èyí fúngbà àkọ́kọ́, mo ti ń ya àwòrán tipẹ́, ojú tì mí.

Nítorí náà ife rẹ tó funfun, apá kan rẹ̀ nìkan ló funfun. Apá kejì, eérú ni, eérú tó dúdú dáadáa, tí ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n nígbà tó o bá fẹ́ fi í sí i nítorí orúkọ tí ọkàn rẹ ti sọ ife náà. Di ojú rẹ sí ìdajì bó o bá ń wo tábìlì. Ohun wẹ́wẹ́ á parẹ́, ìdílé méjì á kù: ìdílé oòrùn àti ìdílé òjìji. Ẹnikẹ́ni nínú ìdílé òjìji kò gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ ju ẹni tó ṣókùnkùn jù nínú ìdílé oòrùn lọ.

Kánfáàsì_Mẹ́ta | 11:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun tí ẹ sọ yìí nígbà kan, ńṣe ni àwòrán mi dà bí òru. Èmi ò rí ọ̀sán níbẹ̀.

BàbáFèrèsé | 11:15 àárọ̀

O sọ ìdílé méjèèjì kalẹ̀ ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní kó o sọ̀.

Ya kékeré mẹ́ta kó o tó ya ńlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọ̀ mẹ́ta péré: dúdú, eérú, funfun. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn ò bá yọ nínú èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́, kò ní yọ nínú èyí tó tó ilẹ̀kùn.

OnísùúrùDíẹ̀ | 11:40 àárọ̀

Bàbá, ẹ má bínú sí mi lónìí, ó dà bíi pé àtúnṣe ni iṣẹ́ mi. Òfin ìdílé méjì yẹn dúró bó bá jẹ́ ohun kan náà là ń sọ, bíi funfun ife nínú oòrùn àti funfun ife nínú òjìji. Bó bá ti di ohun méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, ó lè yẹ̀. Etí búlúù ife yẹn nínú oòrùn, àti aṣọ ìnuwọ́ funfun nínú òjìji tí tábìlì ń ta ìmọ́lẹ̀ sí láti ìsàlẹ̀: mo ti wo irú rẹ̀ rí, aṣọ ló mọ́lẹ̀ jù. Kó má lọ di pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á sọ ohun tó ń fojú rẹ̀ rí di irọ́ nítorí òfin.

BàbáFèrèsé | 11:52 àárọ̀

Òótọ́ ni. Ohun kan náà ni kó máa fi wé ara rẹ̀. Ojú ló ni àṣẹ.

Ìlà_Tọ́ | 1:20 ọ̀sán

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ àwọ̀ òjìji. Búlúù ni òjìji oòrùn o! Má pò ó pẹ̀lú dúdú láéláé. Búlúù àti àlùkò díẹ̀, ó parí. Dúdú máa ń pa àwòrán.

Àǹtí_Ọ̀dà | 1:48 ọ̀sán

Níta gbangba, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí sánmà búlúù ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji níbi tí oòrùn ò dé. Ṣùgbọ́n inú ilé ni tábìlì rẹ̀ wà. Ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji inú yàrá ni ògiri, àjà, kọ́tìnì, tábìlì fúnra rẹ̀. Bí ògiri bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ìyeyè á wọnú òjìji. Wo abẹ́ ife náà níbi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì: bí igi tábìlì bá pọ́n, wàá rí i pé ìdí ife ń pọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú òjìji ló wà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fi búlúù kùn ún nítorí pé wọ́n ní òjìji jẹ́ búlúù, ó ti gbé adùn rẹ̀ jù nù.

Ohun mìíràn tún wà tó ń mú kí òjìji dà bí ẹni pé ó jẹ́ búlúù. Chevreul, onímọ̀ kẹ́místrì ará Faransé tó ń bójú tó iṣẹ́ aró nílé iṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins ní Paris, ló tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1839. Àwọn èèyàn ń ṣàròyé pé aró dúdú tí wọ́n ń pa síbẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé aró kò lẹ́bi. Àwọ̀ tí wọ́n hun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń yí i padà lójú ẹni. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ti aládùúgbò rẹ̀ lọ sí òdìkejì. Bí ibi tí oòrùn bà bá gbóná, tó fà sí àwọ̀ ọsàn, eérú lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dà bíi búlúù lójú. Nígbà mìíràn eérú lásán náà ni kó o fi síbẹ̀, kó o jẹ́ kí ojú àwọn olùwòran ṣe ìyókù.

Dúdú ò pa ẹnikẹ́ni o. Ọwọ́ tó dì í mú ni.

Ìlà_Tọ́ | 1:55 ọ̀sán

Àǹtí, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n dúdú ṣì máa ń pa tèmi.

Gbẹ́nugbẹ́nu | 3:10 ọ̀sán

Ẹ kú àríyànjiyàn. Kí ló dé tí kò kàn ti fèrèsé kó tan iná? Gílóòbù kan tó mọ́lẹ̀, kó o gbé e sí ẹ̀gbẹ́, òjìji ò ní lọ síbì kankan títí ọdún yóò fi parí.

OnísùúrùDíẹ̀ | 3:26 ọ̀sán

Òjìji ò ní lọ, ṣùgbọ́n kò ní jọ ti oòrùn. Oòrùn jìnnà débi pé ìtànṣán rẹ̀ ń wọlé ní gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gílóòbù tó wà nítòsí, ìtànṣán rẹ̀ ń fọ́n ká, nítorí náà òjìji ife á máa fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, òjìji ìgò á dojú kọ ọ̀nà mìíràn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iná tó wà ní mítà kan, bó o bá sún ohun tí ò ń yà lọ sí mítà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa kù lára rẹ̀. Oòrùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun bá etí tábìlì ibí àti etí tábìlì ọ̀hún bákan náà.

Bí iná bá di dandan, gbé e jìnnà dé ibi tí yàrá bá gbà ọ́ dé.

Gbẹ́nugbẹ́nu | 3:31 ọ̀sán

Ó dáa. Kó wá lo fèrèsé tí oòrùn kì í gbà wọlé nígbà náà, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Fèrèsé àríwá. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í yí padà.

BàbáFèrèsé | 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ó wà lọ́wọ́ ibi téèyàn ń gbé láyé. Ẹni tó wà ní ìhà àríwá ayé, tó jìnnà sí àárín ayé, fèrèsé àríwá dára fún un. Ẹni tó wà ní ìhà gúúsù, fèrèsé gúúsù ni tirẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí àárín ayé, oòrùn á gba ti àríwá wọlé ní apá kan ọdún, á gba ti gúúsù wọlé ní apá kejì. Àti pé oòrùn ni ọmọ yìí fẹ́ yà, kí ló máa lọ ṣe níbi tí oòrùn kì í dé?

Àlejò_Pátákó | 6:37 ìrọ̀lẹ́

Mi ò kì í kọ nǹkan níbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí láyè. Ọ̀rọ̀ "bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe" yẹn ló mú mi jáde, nítorí àwọn àgbà ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù tí mo fẹ́ dárúkọ yìí kò ṣe é lọ́nà kan ṣoṣo.

Monet, nígbà tó ń ya òkìtì koríko ní 1890 sí 1891, kánfáàsì púpọ̀ ló gbé jáde lọ sóko. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti yí padà, á gbé èyí sílẹ̀, á mú èyí tó bá ìmọ́lẹ̀ tuntun mu. Ẹ rí i pé ìmọ̀ràn Àǹtí Ọ̀dà náà nìyẹn, òun kan fi ọjọ́ pín in ni. ẸniÒwúrọ̀ lè ní pátákó méjì: ti aago méje ààbọ̀ àti ti aago mẹ́sàn-án.

Van Gogh ní Arles nílẹ̀ Faransé, ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, láti kùtùkùtù ló ti ń ya òdòdó rẹ̀ lójú eré nítorí pé wọ́n ń rọ kíákíá. Cézanne ní tirẹ̀ lọ́ra débi pé èso lè bà jẹ́ lójú rẹ̀. Òun ló máa ń ki owó wẹ́wẹ́ sábẹ́ èso kí wọ́n lè dúró bó ṣe fẹ́. Èyí tí ẹ kò sọ rárá ni Bonnard. Ó kún fún oòrùn ju ọ̀pọ̀ wọn lọ: tábìlì, aṣọ tábìlì, fèrèsé tó ṣí. Síbẹ̀ kì í jókòó síwájú tábìlì kùn ún. Pẹ́ńsù ló ń fi ya nǹkan kékeré sínú ìwé, á kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí i nígbà mìíràn, á wá padà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kùn ún láti inú ìrántí. Ẹ ò wá rí i pé Kánfáàsì Mẹ́ta kò ṣìnà pátápátá? Kí èèyàn jìnnà sí tábìlì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó gbé lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ ló ṣe pàtàkì.

Ti ohun èlò ilé lásán, Morandi ni kó o lọ wò. Ìgò, ìkòkò àti agolo ló fi gbogbo ayé rẹ̀ yà ní Bologna nílẹ̀ Ítálì, títí ó fi kú ní 1964. Ó máa ń fi ọ̀dà kun ìgò náà kí wọ́n má bàa dán mọ́, ó sì máa ń jẹ́ kí eruku bo wọ́n. Ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, Chardin ti ń fi ife omi kan ṣoṣo ṣe ohun tí ẹlòmíì ò lè fi ààfin ọba ṣe.

Kánfáàsì_Mẹ́ta | 6:41 ìrọ̀lẹ́

Ẹni tó ń sọ òótọ́ dé!

OnísùúrùDíẹ̀ | 7:18 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dà kó tó di pé a gbàgbé, nítorí ẹfun yẹn, apá kan rẹ̀ wà nínú ike. Ohun tó ń di acrylic mọ́ra máa ń funfun bíi wàrà nígbà tó bá tutù, á mọ́ gaara nígbà tó bá gbẹ. Nítorí náà àwọ̀ tó o rí lórí pálẹ́ẹ̀tì (àwo tá a ti ń po ọ̀dà) á ṣókùnkùn sí i tó bá gbẹ. Kí ni ẹni tí kò mọ̀ máa ń ṣe? Á rí i pé ó ti ṣókùnkùn, á tún da funfun sí i, á tún gbẹ, á tún dà á. Lọ́jọ́ kẹta gbogbo rẹ̀ ti di ẹfun. Fi ìka tọ́ díẹ̀ sórí bébà, jẹ́ kó gbẹ kó o tó lò ó.

Funfun titanium fà díẹ̀ sí búlúù lójú, ó sì lágbára púpọ̀. Bó o bá fẹ́ kí funfun jẹ́ ti oòrùn, fi ìyeyè bín-ín-tín sí i, tàbí ochre (ìyeyè tó fà sí àwọ̀ ilẹ̀), kí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Tọ́jú funfun gidi de ibi tó ń kọ mànà létí ife àti léjìká ìgò nìkan. Ibi méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta.

Ooru tún ń gbẹ acrylic kíákíá. Tẹ́ kàìnkàìn tó rin fún omi sínú àwo pẹlẹbẹ, tẹ́ bébà tó lè fa omi lé e, kó o po ọ̀dà rẹ sórí bébà náà. Kò ní gbẹ títí wàá fi ṣe tán.

ẸniÒwúrọ̀ | 8:50 alẹ́

Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣe ìdánwò bébà Bàbá Fèrèsé pẹ̀lú iná kíṣíìnì, ó ti hàn sí mi, mi ò lè dúró di àárọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta péré. Ẹnu ife mi kì í róbótó, ó máa ń dà bí ẹja. Báwo ni mo ṣe máa ya ìgò tí kò ní àwọ̀? Ṣé kí n yí sí ọ̀dà elépo nítorí pé òun kì í tètè gbẹ?

Ìlà_Tọ́ | 9:12 alẹ́

Ti ẹnu ife, èmi ló ni ín. Igun méjèèjì kì í mú ṣóńṣó. Ó gbọ́dọ̀ yí, bó ti wù kó tẹ́ tó. Bí gíga rẹ̀ bá sún mọ́ ti ojú rẹ, á tẹ́ sí i. Bó bá lọ sísàlẹ̀, á máa ṣí sí i. Nítorí náà ìdí ife gbọ́dọ̀ róbótó ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fa ìdí ife ní ìlà gbọọrọ nítorí pé ó jókòó sórí tábìlì tó tẹ́jú. Ife á wá dà bí ohun tí wọ́n gé láàárín.

Etí òjìji náà, má fi bákan náà yà á. Níbi tó ti kúrò lẹ́sẹ̀ ife, ó mú bí abẹ. Bó ṣe ń jìnnà, etí rẹ̀ á máa rọ̀. Oòrùn kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́, ó fẹ̀ tó ìdajì dígírì lójú sánmà. Ní mítà kan sí ohun tó dá òjìji sílẹ̀, etí òjìji á rọ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà kan. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n bó o bá ṣe é, tábìlì á tẹ́ fúnra rẹ̀.

BàbáFèrèsé | 9:40 alẹ́

Má ya ìgò. Ya ohun tó wà lẹ́yìn ìgò, bó ṣe tẹ̀, bó ṣe yí padà nínú omi. Lẹ́yìn náà fa ìlà tó ṣókùnkùn létí rẹ̀ níbi tó bá wà (kì í yí gbogbo rẹ̀ ká), kó o fi àmì funfun kan síbi tí fèrèsé ti hàn lára rẹ̀. Wo òjìji rẹ̀ dáadáa. Òjìji ìgò tó lómi kì í ṣókùnkùn látòkè délẹ̀. Omi náà ń kó ìtànṣán jọ bíi gíláàsì awò, ó sì ń tú u dà sáàárín òjìji. Ibẹ̀ lè mọ́lẹ̀ ju tábìlì tí oòrùn bà lọ. Bó o bá rí i, má bẹ̀rù rẹ̀, fi í síbẹ̀.

Àǹtí_Ọ̀dà | 10:05 alẹ́

Ọ̀dà elépo ni èmi ń lò, n ò sì ní tàn ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń tutù di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, wàá lè po àwọ̀ lójú àwòrán fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí epo rẹ̀ kéré, kí epo máa pọ̀ sí i bó o ṣe ń lọ sókè. Bó o bá yí i padà, òkè á gbẹ kí ìsàlẹ̀ tó gbẹ, á sì sán.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́: àkísà tó rin fún epo linseed, ẹ má ká a jọ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Epo yẹn máa ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ, àkísà tí a ká jọ lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onírin tó ní ìdérí.

Fún àwòrán yìí, dúró ti acrylic. O ti ń kọ́ ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, má fi ìkarùn-ún kún un.

ẸniÒwúrọ̀ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:26 àárọ̀

Mo dé o. Ọjọ́ mẹ́rin, wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́. Ọjọ́ Rú, ojú ọjọ́ ṣú, mi ò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òjìji nìkan ni mo yà, mo sì kùn ún dúdú débi pé ẹ̀rù bà mí. Aya mi wò ó, ó béèrè bóyá ọ̀nà ni. Lọ́jọ́ kejì mo kun ògiri ẹ̀yìn, mo sọ ọ́ kalẹ̀ bí Bàbá ṣe wí. Mi ò tíì fọwọ́ kan ife rárá nígbà yẹn, pátákó lásán ló ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti ń tàn! Mo jókòó mo ń wò ó bí òmùgọ̀. Àwọ̀ ìdí ife pọ́n lóòótọ́, Àǹtí, tábìlì wa pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín òjìji ìgò náà wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ tí mo yà á mi ò rí i rí, bẹ́ẹ̀ iwájú mi ló wà.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ṣẹ. Lọ́jọ́ kẹta mo bá ife nínú bésìnì ìfọbọ́. Mo dá a padà sínú àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbàgbé apá ibi tó ṣí sí, nítorí náà nínú àwòrán ibi tó ṣí yẹn wà lọ́wọ́ òsì, lórí tábìlì ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ṣíbí ló kù. Mi ò mọ ohun tí mo ń wò lára rẹ̀. Fèrèsé wà nínú rẹ̀, èmi náà wà nínú rẹ̀, mo sì dorí kodò.

Ìlà_Tọ́ | 10:34 àárọ̀

Inú ṣíbí ló kọjú sókè nìyẹn. Yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wàá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ.

Àǹtí_Ọ̀dà | 10:39 àárọ̀

Má yí nǹkan kan. O ti ya òjìji rẹ̀ bó ṣe wà. Di ojú rẹ sí ìdajì, ka iye àwọ̀ tó o bá rí nínú ṣíbí náà. Bó bá ju márùn-ún lọ, o ò tíì dì í tó.

Kánfáàsì_Mẹ́ta | 10:52 àárọ̀

Ṣé ẹ jẹ́ ká rí àwòrán náà? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún wa.

ẸniÒwúrọ̀ | 10:58 àárọ̀

Mo ti yà á. Foonu ti gbé gbogbo òjìji rẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kí n tún un yà.